Bébà Kan fún Ilé Kan

Bébà tí ọkùnrin kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi wó ilé rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ní Omifunfun, lọ́dún tó kọjá.

Mo gun ọ̀kadà láti Orè lọ kọ ìròyìn nípa àwọn ẹnjiníà àti àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsákòkó, ilé ọlọ́rá tí kòkó ti ń gbẹ, fún abúlé náà. Wọ́n ní àwọn ò ní dá a ṣe, ará abúlé ni yóò yan ibi tó máa wà. Wọ́n ya abúlé sórí páálí ńlá, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá pín bébà pélébé, ẹyọ kan fún ilé kan, kí kálukú lẹ̀ ẹ́ síbi tó wù ú.

Onílẹ̀, bàbá tí àwọn àlejò tó ń dáko níbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, ló kọ́kọ́ dìde. Orí òkè kékeré kan tí oòrùn ti ń mú ló lẹ tirẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ilé amọ̀ ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà wà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Àwọn tó kù tò tẹ̀ lé bàbá. Nígbà tó kan àlejò yìí, ó lẹ tirẹ̀ lé tiwọn. Ayàwòrán obìnrin kan pàtẹ́wọ́, ó ní òun ò tíì rí abúlé tó fẹnu kò báyìí rí.

Ẹnjiníà kan béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń gbé ibẹ̀.

“Àhéré ni,” bàbá dá a lóhùn. “Ẹni tó ni ín ló jókòó yẹn. Ẹ bi í.”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Ibi tí bàbá bá ní kó wà náà ni, sà.”

Èmi náà kọ ọ́ sínú ìròyìn pé abúlé fohùn ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo padà lọ. Ìyàwó àlejò náà ń ṣa páànù nínú àlàpà ilé wọn. Mo bi ọkùnrin náà ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá ja onílẹ̀ níyàn lójú àwùjọ, kó tó délé, wọ́n á ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkó òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ni.

Ìyàwó rẹ̀ ò gbé ojú sókè. “Ká ní wọ́n fún èmi náà ní bébà ni, ẹnu ọ̀nà bàbá ni ǹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Bàbá wà nítòsí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń na ọ̀rá sórí ilé tuntun náà. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ṣé mo di ọkọ ẹ lọ́wọ́ mú ni?”

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa ṣí i, àwọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò náà ní gbangba pé ó yọ̀ǹda ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ní ti ilé rẹ̀, ó ní kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún owó gbà-máà-bínú wá, kí onílẹ̀ rẹ̀ sì bá a fọwọ́ sí i.