Àdírẹ́sì Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Tíṣà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe láhun tó, kó wá tọrọ àdírẹ́sì lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe àdírẹ́sì ilé o. Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ, nọ́ńbà gbọọrọ tí àmì ìdánudúró pín sí mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa tí a ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó gíga lọ sílé oníbàárà láìfa wáyà. Mẹ́tàlá péré ni àdírẹ́sì tí a ní, oníbàárà wa sì pọ̀ bí ọmọ ilé kéwú. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé tí a ń kọ wọ́n sí. Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí agboolé ló rí: gbogbo wa lè gba ẹnu ọ̀nà kan jáde lọ sọ́jà, ká sì gba ibẹ̀ wọlé padà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti òkèèrè wá, tó jẹ́ yàrá ẹnì kan pàtó ló ń wá, àfi kí yàrá náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí títì. Ilẹ̀kùn yẹn ni àdírẹ́sì tí mò ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé ó wà ló máa ń fẹ́ ẹ, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ààfáà kan ní kí n fún àwọn ní méjì, kí ọ̀kan lè máa sinmi bí èkejì bá ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá mi ló dá wàhálà sílẹ̀. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa pè é ní "wọ́n". Ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ó lọ ṣèlérí àdírẹ́sì fún olóko adìyẹ kan ní Kuta láì bi mí, ó ní ọkùnrin náà fẹ́ máa wo àwọn adìyẹ rẹ̀ bó bá rìnrìn àjò. Mo pariwo. Nígbà tí mo pariwo tán, mo ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń fi tirẹ̀ ṣòfò.

Ojú mi bá bọ́ sára bàbá tíṣà. Olùkọ́ ilé ìwé míṣọ̀n ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ìyàwó wọn ti kú, àwọn nìkan ló kù nílé. Nínú ìwé mi, "kámẹ́rà" nìkan ni mo kọ síwájú àdírẹ́sì tiwọn. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà: ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó parí. Mo ní nítorí èyí náà ni? Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ gba àdírẹ́sì yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbà á, ọmọ mi. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

Ni wọ́n bá ń júwe ilé wọn fún mi: kí n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, kí n yà lápá òsì níbi igi máńgòrò, ilé tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo rò pé àwàdà àgbà ni. Mo dúpẹ́, mo yọ àdírẹ́sì wọn, ó di ti adìyẹ Kuta lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni bàbá yọ sí wa ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní àwọn ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà kan, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kí aládùúgbò tó gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Èkó, tí yóò tó ẹgbẹ́ mi, ní ó di dandan kí àwọn wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, ó gbé kámẹ́rà sí pálọ̀, wọ́n sì ṣàdéhùn: òun á máa wò wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọjọ́ tí òun bá wò tí òun ò rí wọn, Èkó yá. Láti àná ni kò ti rí wọn mọ́. Wọ́n pè é pé ara àwọn le, ó ní ẹni tó ṣubú náà lè sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Mọ́tò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ́la. Wọ́n ti di ẹrù.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "o ní o fẹ́ gba àdírẹ́sì mi. Mo rò pé o fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ gbé e lọ ni."

Ojú tì mí gidi gan-an. Gbà! Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ láti kékeré. A ń gba àlejò, a ń gba ẹ̀bùn, olè náà ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọlọ́mọ.

Olóko adìyẹ ti rìnrìn àjò, mi ò lè gba tirẹ̀ padà, ọ̀gá mi sì ti sá lọ sẹ́yìn ilé, ó ní òun fẹ́ wo jẹnẹrétọ̀. Mo tún ṣí ìwé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ìlà kan tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ "ìpamọ́" sí. Èmi ni mo ni ín. Ewúrẹ́ mẹ́ta tí mo ní lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ilé-Ogbó ni mò ń fi wò. Èmi tí mo ka ìṣẹ́jú mọ́ bàbá lọ́rùn, mo máa ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu títí ọbẹ̀ mi á fi tutù. Mo yọ àwọn ewúrẹ́ kúrò, mo kọ bàbá tíṣà síbẹ̀.

Mo pe ọmọ bàbá, mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi wa ni. Ó ní òun á kọ́kọ́ fojú ara òun rí wọn ná. Mo bá bàbá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Báàgì ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti so pa. Mo tún ẹ̀rọ ṣe, mo nu kámẹ́rà, mo sì gbé e padà sórí pẹpẹ rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ṣí fìlà sí kámẹ́rà bí wọ́n ṣe máa ń kí ọmọ wọn, mo sì padà síbi iṣẹ́.

Kí n tó lọ sílé nírọ̀lẹ́ ni ọmọ wọn pè mí. Ó ní mọ́tò ò wá mọ́. Ó ní lẹ́yìn tí bàbá òun ṣí fìlà tán, ó jọ pé wọ́n gbàgbé pé òun ń wò wọ́n. Wọ́n tú báàgì, wọ́n ń kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ báàgì ni wọ́n ti yọ ìró ìyá òun, èyí tí ìyá fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tẹ́ ẹ padà sórí àga kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Láti ọjọ́ tí òun ti ń wò wọ́n láti Èkó, òun ò tíì rí àga yẹn, kámẹ́rà ò dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo sọ fún un pé ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo yí i díẹ̀ nígbà tí mo ń nù ún, pé mà á lọ tún un ṣe láàárọ̀.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.