Hóró Ìrẹsì Láàárín Òkun

Tí mo bá rí hóró ìrẹsì kan lórí tábìlì, obìnrin kan tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lithonia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tá a bá ń jẹun, á gbé ṣíbí sápá òkè tábìlì, á ní Hawaii nìyẹn. Á gbé fọ́ọ̀kì sápá ìsàlẹ̀, á ní New Zealand nìyẹn. Á wá fi hóró ìrẹsì kan sáàárín: "Erékùṣù Samoa tiwa rèé. Amẹ́ríkà ló ni wá."

Àmọ́ ó ní òun kì í dìbò, ni ara bá fu mí. Ọmọ Amẹ́ríkà wo ni kì í dìbò? Ó fi páàsípọ́ọ̀tù ẹ̀ hàn mí: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ Amẹ́ríkà ló wà, àmọ́ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé, "Ayédèrú ni! Ọmọ wo ni wọ́n máa bí sínú ilé tí kò ní jẹ́ ọmọ ilé?" Mo sì kó ìwé ìgbélùú tèmi kúrò nínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, kó má bàa jí i.

Lọ́jọ́ tí èmi ará Ìjẹ̀bú lọ búra láti di ọmọ Amẹ́ríkà, obìnrin yẹn ló jókòó níwájú mi, òun náà wá búra. Adájọ́ ní ká kọ ilẹ̀ tó ni wá tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó rọra ní, "Ṣé Amẹ́ríkà ni kí n kọ̀ sílẹ̀ kí n tó di ọmọ Amẹ́ríkà?"

Látọjọ́ náà, ìwé tèmi gan-an lara ń fu mí sí.