Táyà Màṣíìnì Bàbá Ìyàwó Mi

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọṣẹ lára rọ́bà tí oòrùn ti mú gbóná, iwájú ilé bàbá ìyàwó mi ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni ọkàn mi máa ń lọ. Nígbà yẹn, wọn kò tíì di bàbá ìyàwó mi o, èmi ni mo ń wá ọmọ wọn fẹ́ lójú méjèèjì. Ìgbà kẹta tí mo máa lọ kí wọn nìyẹn, wọn kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún padà láìgbọ́ ọ̀rọ̀ gidi, òun kò mọ ohun tí a ó ṣe mọ́.

Mo bá wọn lórí àpótí ìjókòó, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màṣíìnì wọn tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Láti ìgbà òjò ni alùpùpù náà ti wà lábẹ́ igi, ríìmù ti dógùn-ún, táyà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Fọkanáísà tó sún mọ́ wọn jù, Mọ́níyà ló wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo ká apá aṣọ funfun tí mo torí wọn lọ̀ sókè, mo ní kí wọ́n fi yíyọ táyà náà sílẹ̀ fún mi.

Ìwọ náà ṣáà mọ àwa Yorùbá. Ta ni yóò káwọ́ gbera, tí àna rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀? Mo da omi ọṣẹ sí etí táyà, mo fi gìgísẹ̀ gún un títí ó fi já kúrò lára ríìmù, mo wá ki irin pẹlẹbẹ méjì bọ̀ ọ́ lábẹ́. Bí mo bá ṣe gbé apá kan jáde ni apá kejì ń sáré wọlé padà. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ìgbà mẹ́ta ni bàbá dìde pé àwọn fẹ́ bá mi dì í mú, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo rò pé mò ń fi hàn. Ọmọ wọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kàn ń wò mí ni, kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, irin kan ta kúrò lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló kù kó gbá mi lẹ́nu. Bàbá kò bi mí léèrè mọ́. Wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí táyà náà, níwájú mi gan-an. Ara mi bù máṣọ. Ta ló gbọ́ ọ rí, kí àna ẹni wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹni tó wá tọrọ ọmọ? Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde."

Wọn ò tilẹ̀ wojú mi. "Táyà ò mọ àna," ni wọ́n wí. "Tẹ́nì kan ò bá tẹ ìhín wọ kòtò àárín ríìmù, ọ̀hún ò ní jáde láéláé. Gbé irin ẹ."

Mo gbé e. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún ló dẹ̀ ní apá tèmi, kò sì pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi yọ lójijì, tí àwa méjèèjì fìdí jókòó sínú omi ọṣẹ. Aṣọ funfun mi ò ṣeé wò mọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín wọn.

Ìgbà tí a ń ṣan ọwọ́ ni wọ́n sọ ohun tó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn. "Gbogbo ìgbà tóo bá wá síbí, 'kò sí wàhálà' lọ̀rọ̀ ẹnu ẹ. Ẹni tí ò ní jẹ́ ká bá òun gbé nǹkan, báwo ni ọmọ mi á ṣe bá a gbélé?" Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Ó dáa. Kó àwọn èèyàn ẹ wá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n kò tètè gbọ́n. Lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wọṣọ jáde láàárọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí àna mi má baà gbọ́. Ọjọ́ tó sú mi, àwọn náà ni mo pè. Mo ní, "Bàbá, apá mi ò ká a mọ́." Wọn ò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, ká jọ wò ó.