Ọmọ Aránṣọ Tí Kì Í Yó

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà kéré nígbà tó dé, ó rí tín-ín-rín bí okùn. Àwọn aládùúgbò wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ rèé àbí aláǹgbá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Láti ọjọ́ náà, bí ìgò wàrà ò bá gbẹ, kò ní gbé e kúrò lẹ́nu ọmọ. Bí ọmọ bá yíjú sí ọ̀tún, ìgò á tẹ̀lé e. Bó bá yí i sí òsì, ìgò á ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ọmọ sanra. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀bọ̀. Inú ìyá dùn. Bó bá ń rán ṣòkòtò fún un, á fi aṣọ sílẹ̀ nínú, kó lè rí nǹkan tú sílẹ̀ bó bá tún tóbi. Ọdọọdún ló ń tú u.

"Màámi, ebi ń pa mí."

"Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni?"

"Ẹnu ló jẹun, èmi ò tíì jẹ."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀bọ̀ dàgbà. Kò pẹ́ tó gbéyàwó tí ìtọ̀ ṣúgà dé. Ó ní egbò lẹ́sẹ̀, egbò ò jiná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ṣòkòtò tí ìyá ń tú sílẹ̀, ó wá ń rán an wọlé.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló là á yé ìyá rẹ̀. "Màmá, ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń sọ fún ara pé ó ti tó. Ìgbà tí èèyàn wà lọ́mọ ọwọ́ ni ibẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó kéré látinú oyún, tí wọ́n wá ń rọ wàrà sí i lẹ́nu lẹ́yìn tó ti yó, ibẹ̀ lè má kọ́ṣẹ́ náà dáadáa. Bí ọmọ bá yíjú, ó yó nìyẹn."

"Ṣé ọwọ́ mi ló ti wá ni?"

"Ohun tó ń fa àìsàn yìí pọ̀, Màmá. Ẹ ò sì mọ̀."

"Ṣé a ò lè tú u, ká tún un rán ni?"



Ọ̀rọ̀bọ̀ kú kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ. Ọkùnrin ni ọmọ náà, tín-ín-rín bíi bàbá rẹ̀. Ọmú ò tó o, wọ́n ń fi ìgò kún un. Aránṣọ ò fọwọ́ kan ìgò náà rí. Aládùúgbò tún dé: "Ìyá, ẹ rọ ọ́ yó! Ọmọ yìí ti kéré jù."

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó Ọ̀rọ̀bọ̀ gbé ọmọ lé Aránṣọ lẹ́sẹ̀. "Màámi, ẹ bá mi fún un, kí n lọ wẹ̀."

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni? Ẹ̀yin náà la ní."

Ọmọ mu ún, ó mu ún, ó yíjú sí ọ̀tún. Wàrà ṣì kù nínú ìgò. Ọwọ́ Aránṣọ tẹ̀lé e, bó ṣe mọ́ ọn lára láti ìgbà Ọ̀rọ̀bọ̀. Ìgò kan ètè ọmọ. Ọmọ pa ẹnu dé.

Aránṣọ gbé ìgò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi," ló wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá rẹ náà sọ ọ́."