Àdùkẹ́ Méjì Nínú Ọgbà Ẹranko

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ mi, aṣọ ìnura ni mo kọ́kọ́ wá. Mo fi bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Orúkọ náà wà lára pátákó níwájú ilé ìnàkí, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà: ÀDÙKẸ́. Ìnàkí tí mò ń tọ́jú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì bú mi o. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọmọ ọwọ́ ni ìnàkí yìí nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ọgbà ẹranko wa, mi ò sì tíì pàdé Délé ọkọ mi rí. Èmi ni mò ń fún un ní mílíìkì, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n bí mo bá ń gbálẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí n fún un lórúkọ, mo wò ó bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mo ní, "Àdùkẹ́ ni." Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó níbi ìdána ara mi, mo ń mu mọ́ọ̀tì jẹ́jẹ́, ni alága ìjókòó bá kọjú sí ìyá ọkọ mi, ó ké tòò, "Àdùkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́!" Mọ́ọ̀tì pá mi lórí. Àwọn àbúrò mi rò pé ẹkún ìyàwó ni mò ń sun.

Ẹ̀yin náà ṣá mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìyá ọkọ. Àbúrò Délé tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù, "Akọ̀wé" ni mò ń pè é. Èmi ìyàwó rere yìí kan náà ló wá ń dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí mò ń lọgun pé, "Àdùkẹ́, o tún ti yàgbẹ́ sínú omi!"

Mo gbìyànjú láti yí orúkọ yẹn padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi pe ìnàkí yìí ní Bísí. Kò wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá Lámídì, àgbàlagbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́, kàn ń fi mí ṣẹ̀rín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọgbà náà ni wọ́n ti bá mi sọ ọ́. Mo dúró níwájú ọ̀bọ kan, mò ń pariwo, "Ìwọ! Ìwọ yìí! Wá!" Ọ̀bọ kọ ìdí sí mi.

"Bí wọ́n bá pè ọ́ ní 'ìwọ yìí', ṣé wàá dáhùn?" Bàbá Lámídì bi mí.

"Rárá sà."

"Ẹ wá rí ẹni tó yájú sí ọ̀bọ."

Nínú iṣẹ́ tiwa, orúkọ nìkan la fi ń mú ẹranko. O máa pè é, o máa dúró títí ojú yín á fi ṣe mẹ́rin, lẹ́yìn náà lo máa fún un lóúnjẹ. Bí ohun tí kò yẹ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, o ò gbọdọ̀ já a gbà. O máa pe orúkọ ẹ̀, o máa fi nǹkan mìíràn hàn án, ẹ ó sì ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fẹ́ gbọ́n ju Bàbá Lámídì lọ lọ́jọ́ kan, mo bá ìnàkí fa ìgbálẹ̀ onígi. Ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, ó sì ń jù ú lù mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ju ti orúkọ lọ. Iṣẹ́ mi ló fẹ́ bọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Gowon Estate ni wọ́n ń gbé, àwọn ló sì ń bá wa tọ́jú Tómi, ọmọbìnrin wa, nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Wọn ò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òórùn ẹranko ń bá mi wọ pálọ̀ àwọn. Ká sòótọ́, mò ń rùn. Ṣùgbọ́n Ìgàndó là ń gbé, bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ààtàn Solous, ta ló fẹ́ gbọ́ òórùn tèmi? Màmá ti bá mi wá iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí n máa jókòó sí ọ́fíìsì, kí n máa gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n wá sọ fún Délé pé àwọn á fojú ara àwọn wo ohun tí mò ń ṣe. Bí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn ò ní gba Tómi mọ́. Bí wọn ò bá sì gba Tómi, ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ gbé e sí? Iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Bí mo ṣe bo pátákó tán, mo lọ bá gbogbo òṣìṣẹ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn lónìí. Tómi, tó ti máa ń pe ìnàkí ní "Àǹtí Àdùkẹ́", ilé ni mo ti fi odidi páálí bísíkíìtì kan dí i lẹ́nu kí n tó jáde.

Màmá dé ní aago mọ́kànlá, àwọn àti Délé àti Tómi. Wọ́n wọ bàtà pelebe, wọ́n gbé báàgì sí apá, wọ́n sì ń wo ọgbà náà bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ kíláàsì wò. Kìnnìún ń sùn. "Irú oorun wo nìyí lọ́wọ́ ọ̀sán?" ni wọ́n wí. "Ọ̀lẹ." Ọ̀nì la ẹnu sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ní kó pa ẹnu dé. Ògòǹgò rọra na ọrùn sí wọn, wọ́n na ìka sí i, ògòǹgò fà sẹ́yìn. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀. Erin ló tilẹ̀ mú wọn rẹ́rìn-ín, nígbà tó fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ gba ọ̀pá ìrèké lọ́wọ́ mi. Délé ṣẹ́jú sí mi pé nǹkan ń lọ dáadáa.

A dé ilé ìnàkí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ síbi àgbọ̀nrín."

"Kí ni wọ́n kọ síbí?" Wọ́n ti rí aṣọ ìnura.

"Ọ̀dà tútù ni mà."

"Ọ̀dà tútù lẹ wá da aṣọ bò? Kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, àbí?"

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ta ló ń bo àkọlé mọ́ olùkọ́ lójú? Ká ní mo fi í sílẹ̀ gbangba, wọn ì bá má tilẹ̀ wò ó. Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi àyà ti ọgbà kúkúrú tó wà níwájú irin, wọ́n nawọ́ sí aṣọ náà. Apá ìnàkí gùn ju bí àlejò ṣe rò lọ. Kí n tó pariwo, apá dúdú kan ti jáde láàárín irin, awò ojú Màmá ti lọ.

"Yéè! Awò mi! Délé, mi ò ríran o!"

Àdùkẹ́ gbé awò náà sí imú ara rẹ̀, ó dorí ẹ̀ kodò, ó káwọ́ lérí orúnkún. Délé fẹ́ fò mọ́ irin, mo fà á lẹ́wù padà. Mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì jáde nínú àpò iṣẹ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní gbogbo orúkọ tí ìyàwó fi ń pe ará ilé ọkọ.

"Arẹwà mi! Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi àtàtà!"

Kò wò mí. Ó yọ awò lójú, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ orín. Ó ki apá kan awò náà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyàwó," Bàbá Lámídì sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, "o mọ ohun tó yẹ kó o ṣe o."

"Ṣé ẹranko yìí ò lórúkọ ni?" Màmá jágbe. "Pè é lórúkọ ẹ̀, jàre!"

Tómi fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara ẹ̀ mú. Mo wo Màmá, mo wo awò. Mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. "Màmá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí," mo wí, mo sì kọjú sí irin.

"Àdùkẹ́! Àdùkẹ́! Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn? Gbé e wá kíá!"

Ohùn kékeré kan dáhùn lẹ́yìn mi pé, "Mà?"

Màmá ni. Wọ́n ti na báàgì wọn sí mi. Ìnàkí náà gbórí sókè, ó wò mí lójú, ó bọ́ sílẹ̀ wá bá mi. Ó gbé awò lé mi lọ́wọ́, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀. Mo nu itọ́ kúrò lára rẹ̀, mo fún Màmá, mi ò dìde. 

Màmá wọ awò wọn. Wọ́n ṣí aṣọ ìnura, wọ́n ka pátákó náà, wọ́n tún un kà.

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Èmi ni mà. Mi ò tíì mọ̀ yín nígbà yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

 Mo rí i pé omi ti kún ojú wọn. "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú," wọ́n wí, "kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá ni, Ọ̀gá ni, Ìyá Délé ni. Ti alága yín ọjọ́sí, owó ló ń wá." Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Bí ìyá mi ṣe ń pariwo mọ́ mi tí mo bá gbé ẹran nínú ọbẹ̀ gan-an lo ṣe pariwo yìí. Mo rò pé àwọn ni. Dìde ńlẹ̀, kọnkéré á bó ọ lórúnkún."

Mo bú sẹ́kún. Mo sun ún, mi ò tijú. Màmá fi mí sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọgbà, àmọ́ ibi tí apá ìnàkí ò lè dé ni wọ́n dúró sí báyìí.

"Àdùkẹ́," ni wọ́n wí, "jókòó dáadáa."

Ìnàkí jókòó. Bàbá Lámídì ní ogún ọdún tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn ò rí irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Délé rọra béèrè lẹ́nu géètì pé, "Màmá, ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀gbẹ́dá yẹn ńkọ́? Wọ́n ní Mọ́ńdè làwọn ń retí ìyàwó mi."

"Ní Mọ́ńdè, ẹ tètè gbé Tómi wá fún mi kílẹ̀ tó mọ́ tán," ni Màmá wí. "Bí ìyá ẹ̀ bá lọ gba fọ́ọ̀mù, ta ni yóò máa bá Àdùkẹ́ wí?"