Ìkòkò Ìyá Rábì Tí A Lọ Wò ní Ìbàdàn

Mọ̀ríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ alámọ̀ ẹ̀yìn Kúta, ọmọ ìkòkò tútù tí àlejò mu tán tó tún béèrè, ọmọ Ìwó Olódò Ọba, ilé odídẹrẹ́, aya Alfa Búráímọ̀, ìyá Láwàlì. Ìyálé mi ni wọ́n. Èmi ni ìyàwó kejì nínú ilé náà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la jọ lò nínú agbo ilé kan, mọ́kànlá nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ wa ti lọ. Kíláàsì kẹrin ni mo kàwé dé, nítorí náà ẹ bá mi fara da ìkọ̀wé mi. Ìrìn àjò ọjọ́ kan tí èmi àti wọn lọ sí Ìbàdàn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ṣọfíyà, ọmọ-ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ìbàdàn, ló wá kí wa lẹ́yìn Iléyá. Ó fi àwòrán hàn wá lórí fóònù, àwọn nǹkan tó rí ní mùsíọ́ọ̀mù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí kí aráyé lè máa wò ó. Ìyálé mi gba fóònù náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Ìkòkò ìyá mi rèé." A rò pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n ní kí Ṣọfíyà ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó kà á: ìkòkò omi, agbègbè Ìwó, a kò mọ ẹni tó ṣe é.

Ìyálé mi ní, "Ta ni kò mọ̀ wọ́n?"

Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra wọn, kí àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù bá àwọn kọ orúkọ ìyá àwọn sí i kí àwọn tó kú. Àyà ti ń dùn wọ́n nígbà náà, dókítà sì ti pe Láwàlì sẹ́yìn ilẹ̀kùn bá a sọ̀rọ̀. Ìdánwò kò jẹ́ kí Ṣọfíyà lè bá wa rìn, ó kàn kọ àdírẹ́sì sórí ìwé fún mi. Báyìí ni àwa arúgbó méjì ṣe jáde.

A kí ìrun Àsùbá tán, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, a gba gáréèjì lọ. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Mo di èkuru àti ẹ̀kọ dání, Ìyálé mi gbé omi tiwọn, nítorí wọn kì í mu omi ọ̀rá. Wàsíù lorúkọ dírẹ́bà.

Wàsíù ní, "Ìyá, ẹ wá jókòó níwájú."

"Kí n lè rí ikú kí ìyàwó mi tó rí i?"

"Ìyá, n kì í sáré."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó níwájú, wọ́n sì ń bá Wàsíù ka kòtò ojú ọ̀nà títí a fi dé Lálúpọn. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló wà lọ́tùn-ún lósì, bí tiwa náà ni. Lẹ́yìn Olódó ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ra tí a kò rí oko mọ́. Nígbà tí Wàsíù pariwo pé kí àwọn ará Ìwó Róòdù máa bọ́ sílẹ̀, Ìyálé mi wojú mi. "A ti Ìwó jáde láti àárọ̀, Ìwó náà la tún dé?"

Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wa lọ sí àdírẹ́sì Ṣọfíyà. A bá ilẹ̀kùn mùsíọ́ọ̀mù ní títì, wọ́n ní ó di aago mẹ́wàá. Ọgbà kan wà lódìkejì, ọgbà igi àti òdòdó. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyálé mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé kí ni a máa jẹ níbẹ̀. Ó ní a kò ní jẹ nǹkan kan, a kàn máa wo igi ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó, sanwó, ká lọ wo igi."

Ó tutù nínú ọgbà náà. Koríko rẹ̀ gún régé bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ní Ìwó, ewúrẹ́ ì bá ti yanjú ìyẹn kó tó di ọ̀sán. Wọ́n kan páànù pẹlẹbẹ mọ́ ara igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tiwa àti orúkọ tí àwọn onímọ̀ igi fún un. Mo ń kà á fún Ìyálé mi: ìrókò, àràbà, àgbálùmọ̀. Wọ́n ń dáhùn pé "Mo mọ̀ ọ́n" ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A jẹ èkuru wa lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi mángòrò, ara tù wá.

Obìnrin tó gbà wá sínú mùsíọ́ọ̀mù ń jẹ́ Bùkọ́lá. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ìyálé mi bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà.

Bùkọ́lá ní, "Màmá, ẹ wọ bàtà yín, ilẹ̀ tutù."

"Èèyàn kì í wọ bàtà wọ yàrá ìyá rẹ̀."

A gba ẹ̀gbẹ́ ère kọjá, a gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ òkè àtijọ́ kọjá, Ìyálé mi kò wò wọ́n. Ìkòkò náà wà nínú àpótí gíláàsì ní igun, méjì mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá." Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tó gbé wa wá fún Bùkọ́lá.

Bùkọ́lá fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Màmá, ìkòkò pọ̀ lágbègbè Ìwó. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiwọn nìyí?"

Ìyálé mi ṣàlàyé. Alámọ̀ tó ń mọ ìkòkò kì í yí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, á máa yí ṣùkù àgbàdo lára rẹ̀ kó lè ní ọnà. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà yí i, ìdí nìyẹn tí ìlà ọnà wọn fi ń dà sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá wọn. Òdìkejì ló ń gbà rìn, òsì sì ni ìlà tirẹ̀ ń dà sí. Wọ́n ní, "Wo èyí. Wá wo ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó padà wo ti ìyá wọn. Ó ní, "Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń nu gíláàsì yìí. N kò rí i rí."

Ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ó ṣí bírò. "Kí lorúkọ wọn?"

"Ìyá Rábì. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni Rábì."

"Rábì ni ọmọ wọn, Màmá. Orúkọ tiwọn ńkọ́?"

"Ìyá Alámọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n. Àṣàbí ni oríkì wọn."

"Àṣàbí pọ̀ jù. Bí mo bá kọ ìyẹn, ọ̀gá mi kò ní buwọ́ lù ú. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni mo ń béèrè."

Ìyálé mi wá àga jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. "Mo bí ọmọ mẹ́fà," ni wọ́n wí, "n kò mọ orúkọ ìyá mi. Ta ni ì bá pè é níṣojú mi?"

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nílé ọkọ, títí dé orí ọmọdé tó bá nílé. Nígbà tí mo dé ilé Alfa Búráímọ̀, Eléyinjú-ẹgẹ́ ni mo ń pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé, mo ń pe èkejì ní Ejí-ọ̀wọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n etí mi kì í jẹ́ kí orúkọ bọ́ sọnù. Mo mọ èyí tí Bùkọ́lá ń béèrè.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Ìyálé mi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ orúkọ ìyá yín. Ẹ fún mi láyè kí n pè é."

Wọ́n wò mí. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ fídáù wọn. Ọmọ tuntun ni Láwàlì, ẹ kò lè jáde, èmi lẹ rán lọ. Ẹ̀gbẹ́ àwọn alfa ni mo gbé omi dúró sí. Wọ́n dárúkọ òkú kí wọ́n tó ṣe àdúà."

"O wá dákẹ́ láti ọdún márùndínláàádọ́ta?"

"Ẹ kò bi mí. Ìyàwó ilé ni mí."

Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Dìde, orúnkún rẹ kò lè gba èyí mọ́. Pè é."

Mo ní, "Hawáwù. Hawáwù Àṣàbí, ọmọ Sálíù."

Ètè wọn pè é tẹ̀lé mi, n kò gbọ́ ohùn. Bùkọ́lá yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi pé kí èmi tí mo mọ̀ ọ́n kọ ọ́. Mo kọ ọ́, gàdàgbà gàdàgbà bí ti ọmọ kíláàsì kẹrin. Ó ní ọ̀gá òun yóò kọ́kọ́ wò ó kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé tó wà lábẹ́ ìkòkò, òun kò sì lè sọ ìgbà tí yóò jẹ́. Lẹ́yìn náà ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí gíláàsì náà. Ìyálé mi ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò, níbi tí ìka ìyá wọn ti fà á nígbà tó ṣì tutù. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Bùkọ́lá kò kán wọn lójú.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n sùn lé mi léjìká títí dé Lálúpọn. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ní, "Ìyàwó, orúkọ ta lo tún ń fi pa mọ́ fún mi?"

"Ti ta lẹ fẹ́?"

"Gbogbo wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá ọkọ wa, mo ń ka òkú ilé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn àti ohun tó fẹ́ràn láti jẹ. A délé kó tó di Màgàríbì.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn ọmọ jọ, mo ní kí wọ́n mú ìwé. Mo ní èmi ni Sìfáwù Àjíkẹ́, ìyá mi ni Rámọ́tù Àníkẹ́, Mọ̀ríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni ìyálé mi, ọmọ Hawáwù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Ní oṣù kẹta tí a ti Ìbàdàn dé, Ṣọfíyà pè lórí fóònù láti iwájú gíláàsì náà. Wọ́n ti pààrọ̀ ìwé abẹ́ ìkòkò náà. Ó kà á sétí Ìyálé mi lórí ibùsùn wọn: ìkòkò omi, Hawáwù Àṣàbí ọmọ Sálíù ló ṣe é, ní ẹ̀yìn ìlú Kúta. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n ní, "Ó tó."

Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀lé e. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wa.