Bọ́tìnnì Pupa

Bí mo bá ti wo aago kékeré tí mo so mọ́ àyà aṣọ funfun mi, ojú á tì mí. Mi ò ra aago náà. Mi ò sì jí i. Ì bá sàn kó jẹ́ pé ṣe ni mo jí i.

Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo lọ, ní agbègbè Ìgándò, kò sẹ́ni tó ń dé wọ́ọ̀dù láìkọ́kọ́ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá o ti tó ẹni tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Bó o bá fìdí rẹmi, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ti lé lógójì ọdún. Màmá Kíláàsì là ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Akówọnjọ, kí wọ́n tó ní àwọn náà fẹ́ di nọ́ọ̀sì gidi. Kò síṣẹ́ wọ́ọ̀dù tí ọwọ́ wọn ò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ṣá ni wàhálà wọn. Bí wọ́n bá di máùsì mú, ẹ ó rò pé òkété ni, kó má baà sá lọ. Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì máa ń rín jù.

Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ̀nà ilé, mi ò lè ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ èèyàn ṣe ń lù. N ó kà á títí, iye tí n ó mú jáde, òkú ló ni ín. Lọ́jọ́ kan, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, kí n kọ́ ọ ní iṣan kíkà."

Wọ́n mú tiwọn ṣẹ. Ọjọ́ mẹ́rin léra wọn ni mo fi lọ sílé wọn ní Ẹgàn. Wọ́n á na ọwọ́ sí mi, wọ́n á gbé aago yìí lé mi lọ́wọ́. "Má fi àtàǹpàkò dì í o! Àtàǹpàkò ní iṣan tiẹ̀. Ara rẹ lo máa máa kà."

Nígbà tó wá kàn mí ńkọ́? "Ó dọ̀la, mà." "Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà." Ọ̀lẹ ni mí, mo sì tún gbéra ga. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mo ní, "Ẹ má da ara yín láàmú jàre, kò le. Ẹ ṣáà máa tẹ ìdáhùn. Bí kò bá tètè ṣí, ẹ ní sùúrù fún un, ó máa ń lọ́ra." Gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn nìyẹn, àní gbogbo ẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Ẹgbẹ́dá la ti ṣe é. Màmá jókòó lápá ọ̀tún mi. Wọ́n dáhùn ìbéèrè kìíní. Níbi iṣẹ́ wọn, bí wọ́n bá ti tọ́jú aláìsàn kan tán, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó kan ẹlòmíì. Iṣẹ́ tí o kò fọwọ́ sí, o ò ṣe é nìyẹn. Màmá wá ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí, wọ́n rí bọ́tìnnì pupa nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì tí a fi ń kó gbogbo ìdánwò sílẹ̀ pátápátá ni! Ẹ̀rọ bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ojú kọ̀ǹpútà wọn funfun báláú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo rí i. Mi ò ní purọ́, kedere ni mo rí i. Alábòójútó sì ti sọ fún wa pé ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ ẹ́, kó nawọ́ sókè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn á bá a dá a padà. Mi ò nawọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Àkókò tèmi náà ń lọ. Mo ní kí n parí ìbéèrè tó wà níwájú mi ná. Mo tún ní kí n parí èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, Màmá ti káwọ́ lé itan, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ní sùúrù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó títí àkókò fi pé.

Mo yege. Máàkì nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun. Màmá gba ẹyọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ó kọ́kọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu géètì. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so aago náà mọ́ mi láyà. "Máa lò ó. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe títí di ọdún tó ń bọ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Omi ti lé sójú mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu.

"Dìde jàre, má sunkún," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ yẹn ló kọ̀ mí. Mo ní sùúrù fún un bó o ṣe sọ, kò ṣí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. "Ẹ̀rọ yẹn ni."